Ihò Abẹ́ Ọ̀dà

Opó kan ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà lára ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ gbé e sórí omi.

“Ìyàwó wa, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀!” Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti ń sáré bọ̀. “Èmi ni mo tún un ṣe. Ó le bí irin!”

Ọ̀bẹ wọlé ṣọ̀ọ̀, bí ẹni gún ọṣẹ.

Òórùn burúkú bò ó nímú.

“Irin wo ló ń rùn báyìí?” Ó tutọ́ sílẹ̀.

Àkísà ni wọ́n kì bọnú ihò kan níbẹ̀, tí wọ́n kun ọ̀dà lé.

Ó fà á jáde.

Bọ́tìnnì kan ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú òwú pupa tí òun fúnra rẹ̀ fi rán an.

Ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ni. Òun ló wọ̀ jáde lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ yìí dá nìkan padà dé, tó ní omi gbé e lọ tòun tẹ̀wù lọ́rùn.