Iṣẹ́ Ilé Ọkọ Tíṣà

"Olówó orí mi, ẹ tún un fọ̀. Ọ̀rá ṣì wà nídìí ìkòkò."

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yìí fi bírò pupa fún ọkọ rẹ̀ ní máàkì: mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ajé, ọkọ fọ aṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́jà. Ó ṣìnà, ṣùgbọ́n ó délé.

Àbúrò ọkọ wọlé, ó pòṣé. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ ọ̀dọ̀ ni?"

"Wọn ò tíì gbálẹ̀, àǹtí. Ẹ dúró wòran."

Ó fìbínú jáde.

Ọkọ nu ọwọ́. "Jẹ́ ká sọ fún un pé dókítà ní oṣù mẹ́ta ló kù fún ọ."

"Kó wá fi ẹkún gba oṣù mẹ́ta náà lọ́wọ́ mi? Rárá! Ikú lè mú mi, ebi ò ní pa ọkọ mi. Ẹ tan sítóòfù, ìrẹsì ló kàn."