Àna Tí A Wá Tì Lórí Òkè

Àlọ́ mi gba inú pápá gòkè, ó bá ìyá àgbà Ọ̀yà nílé.

Àwọn Ọ̀yà orí òkè kì í fọmọ fún ará ìsàlẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ni ọmọ àbúrò ń fẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń bí ọmọ tí kò léyín tí yóò fi gé koríko. Mẹ́ta ni ìyá àgbà ti sin. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fi Àwẹ̀ró, ọmọ-ọmọ rẹ̀, fún ọmọ Baálé, Ọ̀yà ìsàlẹ̀ kan wá tọrọ rẹ̀.

“Àjèjì!” ni Baálé wí. “Ta ló mọ àrùn ilé wọn?”

“Ẹ jẹ́ ká wádìí ti ilé tiwa náà,” ni ìyá àgbà dáhùn. “Ẹbí ọmọ Baálé, ẹ bọ́ sọ́tùn-ún. Ẹbí Àwẹ̀ró, ẹ bọ́ sósì.”

Baálé lọ sọ́tùn-ún, ó padà sósì. Láàárín ni gbogbo wọn dúró sí. Ìyá àgbà bú sórin:

“Àna mi dà, kí n bi í léèrè?”
“Koríko ń dàgbà!”
“Eyín ọmọ mi dà, kó fi gé e?”
“Koríko ń dàgbà!”

Wọ́n fi Àwẹ̀ró fún àjèjì. Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé ọmọ rẹ̀ wálé, Baálé ki ìka bọ ọmọ náà lẹ́nu.

“Yéè! Ó gé mi jẹ o!”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Bí mo bá purọ́, kí eyín mi má gé àgbàdo.