Ọṣẹ Róòsì

Onígbàjámọ̀ kan tún tẹ́ ológbò rẹ̀ ti àwọn ọmọ mẹ́rin tí ológbò náà bí. Àwọn ọmọ ọjọ́ méjì tí ojú wọn ò tíì là ń rákò kiri lára ìyá wọn, wọ́n ń ké, síbẹ̀ wọn ò mu ọyàn. Láti àárọ̀ nìyẹn. Èyí tó kéré jù ò tiẹ̀ lè ké mọ́.

"Mámà Genka, ẹ gbà mí o!"

Mámà Genka, ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì, wọlé, ó fa imú. "Kí lo fi wẹ̀ ẹ́?"

"Ọṣẹ róòsì ni, ojúlówó ti Kazanlak, ìlú olódòdó róòsì. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ṣì wà lára rẹ̀ láàárọ̀, Mámà, àwọn oníbàárà sì ń wò ó!"

"O káre, ọ̀gá afínjú! Imú ni àwọn ọmọ ológbò fi ń wá ọyàn, ọgbà òdòdó ni wọ́n ń bá pàdé. Gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Omi lásán o!"

Bó ti máa ń fara balẹ̀ gbé abẹ lé ọ̀fun alága ìlú ni onígbàjámọ̀ ṣe nu ikùn ológbò náà ní ànùtúnnù. Mámà Genka fún wàrà díẹ̀ jáde lọ́yàn ológbò náà, ó fi pa irun ẹ̀gbẹ́ ọyàn, ó sì gbé èyí tó kéré jù síbẹ̀. Imú kékeré náà wá ọ̀tún, ó wá òsì. Ó dúró. Ó gbá ọyàn mú.

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ láti fi pa ológbò náà lórí. Ológbò gbóòórùn ọṣẹ róòsì lọ́wọ́ náà, ó fajú ro, ó fi èékánná dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a, ìka kan tẹ̀lé òmíràn.

"Má fa ọwọ́ yẹn o," ni Mámà Genka wí. "Kò tíì mọ́."