Nọ́ọ̀sì Tó Ní Òun Kò Gbọ́ Yorùbá

Nọ́ọ̀sì ń ya fọ́tò níwájú ilé àtijọ́ kan láàárín Atlanta, níbi tó ti wá gbafẹ́ lásìkò ìsinmi spring break, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Aunty Rẹ̀mílẹ́kún, já lù ú bí ìjì tó fẹ́ hú òkè Stone Mountain tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

"Ìwọ lo call in sick láàárọ̀ yìí, àbí?"

Wọ́n ti kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì: irọ́ kan péré sí i, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó fa fìlà rẹ̀ tó fẹ̀ ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ bojú, ó wá fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ fọwọ́ gbẹ́ òkun Atlantic.

"Sorry, I don't speak your language."

"Ojú ẹ rèé! Alákọrí!"

"Who are you?"

Ọ̀gá pòṣé, ó yí padà. Kò tíì rìn jìnnà tó fi kọsẹ̀, tó ṣubú gbì, tí ilẹ̀ mì dé ìlú Lawrenceville.

"Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Aunty!" Nọ́ọ̀sì ti sáré débẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀gá jókòó jẹ́ẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi dígí, tí kò sí ohunkóhun tó lè mú èèyàn kọsẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n mà tọ́ ẹ dáadáa nílé o. Má wá síṣẹ́ mọ́."