Ọkọ̀ Àárín Dáàmù

Àwáwù tó ń fọṣọ létí dáàmù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ní gáréèjì Ṣakí ni bàbá kan ti sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Mò ń bọ̀." Ọdún méje ló lò l'Ékòó. Ìgbà tó dé, ó ra ọkọ̀ ojú omi ìṣeré oníbátìrì láti fi tù ú lójú, ó mú un lọ sétí dáàmù, ó sì fi rìmóòtù lé e lọ́wọ́.

"Tẹ èyí, á lọ. Tẹ ìyẹn, á padà. Má jẹ̀ẹ́ kó jìnnà o, kò ní gbọ́ tìẹ mọ́."

Ọmọ gbọ́ ọ yé. Ó tẹ ti àlọ títí ọkọ̀ fi dé àárín omi.

"Dá a padà!" Bàbá kó sómi tòun ti bàtà.

"Ẹ dúró dè é, Bàbá. Ó ní òun ń bọ̀."

Ó gbé rìmóòtù kalẹ̀, ó kọrí sílé, kò wẹ̀yìn.