Ẹ̀ga tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ hun ìtẹ́

Àlọ́ mi ò rìn jìnnà, orí ọ̀pẹ ló bà sí.

Láàárín àwọn ẹ̀ga, akọ ló ń hun ìtẹ́. Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin Baálé Ẹ̀ga, fẹ́ kọ́ ọ. Ó já koríko kan, ó fẹsẹ̀ dán imọ̀ ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ so ìtẹ́ mọ́ wò, ó rí i pé ó ti ń ya. Ó dárin:

"Bàbá, imọ̀ yìí ti gbẹ,
Jàǹjàlá.
Ẹ jẹ́ ká so ìtẹ́ mọ́ imọ̀ méjì,
Jàǹjàlá."

Baálé ní, "Fi koríko yẹn sílẹ̀. Ẹyin yíyé ni tìrẹ." Àwọn akọ yòókù ń gbe orin náà, wọ́n ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Òjò dé tòun tìjì. Imọ̀ kán, ìtẹ́ já bọ́, gbogbo ẹyin inú rẹ̀ fọ́.

Baálé wá kọjú sí Àwẹ̀ró, ó ní, "Níbo lo wà tí o ò fi dì í mú?"

Ẹni tó ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan koríko ló ń bi í bẹ́ẹ̀ o.

Àwẹ̀ró já koríko tútù, ó bà sórí imọ̀ méjì tó le, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin: "Ẹ wá wo bí a ṣe ń ta kókó."

Ẹ̀yin tó ń lé ọmọbìnrin tó ń tú rédíò wò lọ sídìí ààrò, ẹ máa lé e. Òjò ń bọ̀.