Ọtí Tí Ṣúgà Rẹ̀ Ti Tán

Mọ́kàndínlógún ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kọ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Eliamani fi ẹ̀jẹ̀ Ndesario kàn án. Ara tó dá, nọ́ọ̀sì ní, kì í ju méje lọ. Ó wo egbò tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá náà, èyí tí kò jinná láti ìgbà òjò, ó sì sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé bí ṣúgà náà kò bá wálẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn dókítà tó wà nílùú ńlá yóò gé ẹsẹ̀ náà. Tíì oníṣúgà di èèwọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n náà di èèwọ̀. Mbege, ọtí tí Aikande ìyàwó rẹ̀ ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti jéró pọn, ìyẹn gan-an ni olórí èèwọ̀.

Òun àti Aikande gun òkè padà sílé. Ìgbà tí Ndesario jókòó tán ló ní òun lè fi tíì sílẹ̀, òun lè fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ahá mbege fún lọ́jọ́ Ìsinmi tó ní òun kò mu, ó ti kúrò láàárín wọn nìyẹn. Kí wọ́n kúkú gé orí òun mọ́ ẹsẹ̀ náà. Aikande ti bá a gbé fún ogójì ọdún, ó mọ̀ pé kò ní ṣíwọ́, kò sì lókun tí yóò fi bá a jà. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ̀kalẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá ọtí kan wà láyé tí kò ní ṣúgà.

Nọ́ọ̀sì rò ó díẹ̀.

“Mama, ìwúkàrà inú ọtí, ṣúgà lòun náà ń jẹ. Èyí tí ẹ máa ń gbé fún àlejò nígbà tó ṣì tuntun, kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì, ìyẹn ló ṣe ń dùn. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Tó bá ti kan gan-an, ṣúgà ti tán nínú ẹ̀ nìyẹn.”

Ó fi kún un pé ọtí kíkan náà ṣì ní agbára oúnjẹ tirẹ̀ nínú, nítorí náà ahá kan ṣoṣo lójúmọ́, kò gbọdọ̀ di méjì.

Báyìí ni ìkòkò Ndesario ṣe yà sọ́tọ̀. Aikande a se ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, a sẹ́ ẹ, a dá a dúró, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a wá po jéró tó ti hù mọ́ ọn pẹ̀lú èèpo igi kíkorò. Ti àwọn ẹbí, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń mu ún. Ti ọkọ rẹ̀, a bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí i. Ahọ́n Aikande ni òṣùwọ̀n. Láràárọ̀ a bu ahá kan, a tọ́ ọ wò. Bó bá ṣì ń dùn, a tún bo ìkòkò náà. Ohun tí ẹnu bá ti kàn kì í padà sínú ìkòkò, nítorí náà a mu ahá náà tán. Kò kà á sí nǹkan kan. Mbege dídùn ń fún ara lókun, òun ló sì nílò okun jù nínú ilé náà.

Ó ń rẹ̀ ẹ́. Òun ló ń gé koríko fún màlúù, òun ló ń fọ egbò, òun ló ń ru omi láti ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sókè. Òkè náà ga, òùngbẹ a sì máa gbẹ ẹ́ débi pé kó tó délé, ó ti mu nínú omi tó rù. Èéfín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń sè kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ ríran dáadáa mọ́. Káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ fún wọn, àwọn aládùúgbò ló ń bá a kà á. Ìró tó ń ró lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìyá Manka,” ni Ndesario fi orúkọ ọmọ wọn pè é lọ́jọ́ kan, “ìró yìí á já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní mi ò bọ́ ẹ yó.”

“Ẹsẹ̀ yín ló ń jẹ mí lẹ́ran,” ni ó dá a lóhùn. “Tó bá jinná, màá sanra.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Ndelamio, àbúrò Ndesario, fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ìkòkò ọ̀tọ̀. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ hunjọ. “Ìyàwó wa,” ló wí, “kí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún ọ gan-an?” Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ndesario mu ahá tirẹ̀ tán láàárín wọn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ọkùnrin, kò sì béèrè òmíràn. Inú Aikande dùn nígbà tó rí i. Ó lọ sẹ́yìn ilé láti lọ fọ àwọn ahá, ó jókòó, oorun sì gbé e lọ níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Aikande dúró lọ́nà kó lè mí, Ndesario tó ní egbò lẹ́sẹ̀ ló sì ń dúró dè é. Awọ tuntun ti bo egbò náà. Nọ́ọ̀sì Eliamani gún ìka bàbá, ẹ̀rọ náà sì kọ méje. Ó ní kò sẹ́ni tó tún máa dárúkọ ayùn mọ́. Ndesario yíjú sí àwọn tó tò sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n wá wo obìnrin tó lè yọ ṣúgà kúrò nínú ọtí. Aikande rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun lómi mu.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n mú ẹ̀rọ kan lọ sílé, kí Aikande lè máa wo ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ láràárọ̀. Ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, ó wá ní kó gún ìka ara rẹ̀ kí òun rí i bóyá ó ti mọ̀ ọ́n. Aikande ṣe é láìṣàṣìṣe kankan. Ó gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ojú, kò rí ohun tó kọ, ó sì nà án sí nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó nu ojú ẹ̀rọ náà, ó tún gún ìka Aikande mìíràn, lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún Ndesario pé kó dìde kúrò lórí àga kí ìyàwó rẹ̀ jókòó, nítorí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ṣúgà tirẹ̀.